Òrùlé Imú Sàlíhù

Ní Ìdí-Òro, ní Mushin, kò sí ẹni tó mọ Sàlíhù tí kò kọ́kọ́ mọ imú rẹ̀. Imú náà ló máa ń yọ ní kọ̀rọ̀ ṣáájú, kí ọkùnrin tó ni ín tó tẹ̀ lé e. Igi rẹ̀ ga láàárín ojú bí òkè tí ọmọdé lè jókòó lé kó yọ̀ sọ̀kalẹ̀. Ihò rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń sọ pé bí òjò bá ká èèyàn mọ́ ìta, kó sáré wọ ọ̀kan nínú wọn.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí imú ọ̀hún ń ṣe ju títóbi rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kan, Sàlíhù dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fa afẹ́fẹ́ símú, ó ní, "Ọbẹ̀ ń jóná nílé Ìyá Túbọ̀sún." Wọ́n sáré débẹ̀. Ìyá Túbọ̀sún ò tíì dáná, ata ló ṣì ń lọ̀. Àmọ́ nígbà tó gbé ọbẹ̀ náà kaná tán, ó jóná lóòótọ́. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi Ìyá Túbọ̀sún fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti kó lọ sí Ìkòròdú, tí ẹnikẹ́ni ò sì mọ ojúlé tó wà.

Òórùn dídùn ni Sàlíhù ń tà. Kì í ṣe ti inú páálí tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun, èyí tí ń fín yaa bí oògùn ẹ̀fọn. Òróró ni tirẹ̀, tí a ń fi orí ìka tọ́ sẹ́yìn etí bí a bá ń lọ kí Jímọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń pò ó. Àwọn oníbàárà ń pè é ní Alájì, bẹ́ẹ̀ ni kò dé Mẹ́kà rí. Ó ní òórùn Mẹ́kà ti wà nínú ìgò òun, kí lòun tún fẹ́ lọ wá níbẹ̀?

Ìgò kún pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti ilẹ̀ dé àjà, gbogbo wọn dúdú bákan náà, kò sì kọ ohunkóhun sára ọ̀kankan. Bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ níyẹn. Bàbá náà máa ń wí pé ẹni tó bá kọ orúkọ sára ìgò òróró, olè ló ń júwe ọ̀nà fún. Bí Sàlíhù bá ń wá úùdù, òróró igi olóòórùn dídùn, yóò ṣí ìgò kan, yóò gbé e kọjá níwájú imú, yóò dé e padà, yóò ṣí òmíràn, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì mú èyí tó fẹ́ kí oníbàárà tó parí ìkíni. Kò ní ìwé kankan tó kọ ọ́ sí. Imú ni ìwé.

Ṣọ́ọ̀bù Ṣítù ló kọjú sí tirẹ̀ lódìkejì títì. Ọ̀dọ̀ bàbá Sàlíhù làwọn méjèèjì ti jọ kọ́ṣẹ́, láti ìgbà náà ni Ṣítù sì ti ń bá imú ọ̀rẹ́ rẹ̀ jagun. Bí Sàlíhù bá po ohun tuntun, Ṣítù á sọdá wá ní àárọ̀, á ṣí ìgò, á gbọ́ ọ, á yínmú.

"Ìbọ̀sẹ̀ ọlọ́pàá," Ṣítù á wí. "Ìbọ̀sẹ̀ ọlọ́pàá tó sùn mọ́jú ní ẹnu iṣẹ́."

"Ìwọ tó gbọ́ òórùn ìbọ̀sẹ̀ ọlọ́pàá, ibo lo ti pàdé ẹ̀? Àtìmọ́lé?"

"Sàlíhù, ọmọ tó bá tọ́ èyí sára, ewúrẹ́ ló máa fẹ́ ẹ."

Inú Sàlíhù á dùn wọlé. Ó mọ̀ pé bí èébú bá ṣe pọ̀ tó lẹ́nu Ṣítù ni òórùn náà ṣe dára tó. Kó tó di Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Ṣítù á ti máa gbìyànjú láti po irú rẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́.

Àṣà kan wà ní ìdílé Sàlíhù. Bí ọmọbìnrin bá ń lọ ilé ọkọ, bàbá rẹ̀ ni yóò po òórùn tirẹ̀ fún un, èyí tí ẹlòmíràn kò ní lò láéláé, tí kò sì gbọdọ̀ dé orí àtẹ. Ní àárọ̀ ọjọ́ yìgì, níwájú gbogbo èèyàn, bàbá yóò da díẹ̀ sórí ìka, yóò fi pa ọrùn ọwọ́ ọmọ náà, yóò sì ṣàdúrà fún un. Ọmọ kan ṣoṣo ni Sàlíhù bí, Aneesah lorúkọ rẹ̀. Aneesah kò tíì rìn nígbà tí Ìdíátù ìyá rẹ̀ kú. Nígbà tí ọmọkùnrin kan ní Sùúrùlérè, Abdulmuiz tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, rán àwọn òbí rẹ̀ wá tọrọ ọmọ, tí wọ́n sì dá ọjọ́ yìgì, Aneesah wá kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀.

"Bàbá, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan."

"Bó bá jẹ́ ti fóònù tuntun ni, ọkọ ẹ ni kó o bẹ̀."

"Kì í ṣe fóònù. Mo mọ ojú màámi nínú fọ́tò. Àǹtí Bọ́lánlé, àbúrò wọn, ti sọ fún mi bí wọ́n ṣe máa ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mi ò mọ òórùn wọn. Ẹ̀yin lẹ po èyí tí wọ́n ń lò, àbí? Òun ni kẹ́ ẹ pò fún mi."

Sàlíhù dé ìgò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lóòótọ́, òun ló po òórùn Ìdíátù, nítorí bàbá Ìdíátù kò mọ iṣẹ́ náà. Láti ọjọ́ tí obìnrin náà sì ti kú, kò po irú rẹ̀ mọ́. Àmọ́ kò sọnù. Bó bá di ojú, bó fa afẹ́fẹ́ símú díẹ̀, ó ń gbọ́ ọ.

"Ó wà níbí," ó ní, ó sì fi ìka kan igi imú rẹ̀. "Màá pò ó fún ẹ."

Ẹ̀jẹ́ tó jẹ́ fún ọmọ nìyẹn. Òjò ọdún yẹn ni kò jẹ́.

Ó ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́ ní mọ́ṣáláṣí nígbà tí òjò ti rọ̀ dá. Ọṣẹ ẹnìkan ti yọ́ sórí sìmẹ́ǹtì níbi tí wọ́n ń fọ ẹsẹ̀ sí. Sàlíhù dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ síwájú, orí rẹ̀ lọ sẹ́yìn, ìpàkọ́ rẹ̀ sì dún gbì mọ́ ilẹ̀. Àwọn èèyàn sáré gbé e. Ó ní kò sí nǹkan, pé ilẹ̀ mọ́ṣáláṣí ló fẹ́ bá òun sọ̀rọ̀ àṣírí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó kírun pẹ̀lú wọn, ó sì lọ sílé.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í jò ní ihò imú rẹ̀ ti òsì. Bó bá tẹ̀ba lórí ìrun, ó ń kán sórí ẹní. Omi tó mọ́ gaara ni, kò ki, kò sì ní àwọ̀. Ẹ sì mọ Èkó. Bí imú bá ti ń ṣomi báyìí, kátà ni, ẹ̀rí kò sí mọ́. Ẹni tó ń ta ẹ̀pà mọ oògùn kátà, ẹni tó ń gé irun mọ ọ̀n. Wọ́n ní kó da omi gbígbóná sínú abọ́, kó fi Rọ́ọ̀bù sí i, kó da aṣọ borí. Ó da aṣọ borí títí ojú rẹ̀ fi wú. Wọ́n ní kó po iyọ̀ mọ́ omi, kó máa fà á símú kíkankíkan. Ó fà á. Ó tún ń fa omi símú nígbà gbogbo tó bá ń ṣe àlùwàlá, ó sì ń fà á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí kátà lè jáde.

Ní gbogbo àkókò yìí kò gbọ́ òórùn kankan. Ó ní kátà ló fà á, pé bí kátà bá lọ, òórùn á dé. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Imú rẹ̀ kò dí. Afẹ́fẹ́ ń wọlé, ó ń jáde geerege. Òórùn nìkan ni kì í bá a wọlé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó jókòó ti ìkòkò ẹ̀wà lórí sítóòfù, ó ń ka ìwé ìròyìn. Aneesah wọlé láti ẹnu iṣẹ́, ó pariwo. Èéfín ti gba gbogbo ilé, ẹ̀wà ti di èédú, bàbá rẹ̀ sì ń ṣí ìwé sójú ewé mìíràn.

"Bàbá! Ẹ ò gbọ́ ni?"

Sàlíhù wo ìkòkò, ó wo ọmọ. Ìgbà yẹn ni Aneesah rí ojú rẹ̀, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe pé ó gbàgbé.

Aneesah ló ń fọ aṣọ ìnujú bàbá rẹ̀. Ó ti ṣàkíyèsí pé wọn kì í gan. Ikun tòótọ́ máa ń mú kí aṣọ gan bí páálí bó bá gbẹ, àmọ́ ìnujú bàbá rẹ̀ ń gbẹ bí ẹni tó ti bọ̀ ọ́ sínú omi òjò. Nígbà tó sọ ọ̀rọ̀ náà fún nọ́ọ̀sì kan ní ọsibítù ní Yaba, nọ́ọ̀sì náà kò rẹ́rìn-ín. Ó mú wọn lọ tààrà sọ́dọ̀ Dókítà Mobọ́lá, ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan tó kọ́ nípa imú, etí àti ọ̀fun. Wọ́n ya fọ́tò inú orí Sàlíhù, wọ́n sì ní kó padà wá.

Ọjọ́ tó padà lọ, imú kan wà lórí tábìlì dókítà, títóbi rẹ̀ tó bàtà, wọ́n ti là á sí méjì.

"Dókítà, ta lẹ gé imú rẹ̀ yìí?"

"Rọ́bà ni, Bàbá."

"Mo ti ń wò ó pé ó kéré sí tèmi."

Dókítà Mobọ́lá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó yí imú rọ́bà náà síhà ọ̀dọ̀ Sàlíhù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi bírò tọ́ka. Sàlíhù, tó ti gbé imú kiri láti ọmọdé, rí ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ilé ni, bí irú èyí tí wọ́n ń kọ́ ní Mushin láyé àtijọ́. Ẹnu ọ̀nà méjì ló ní, irun sì dúró lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan bí ọlọ́dẹ tó ń yẹ ẹrù wò, kí eruku má bàa ráyè. Apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ eegun rírọ̀, irú èyí tí a ń rún lẹ́nu lára etí ẹran. Apá òkè, níbi tí gíláàsì ojú ń jókòó lé, eegun líle ni. Ògiri kan gùn láàárín ilé náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, kì í jẹ́ kí ayálégbé ọ̀tún rí ohun tí ti òsì ń ṣe. Lára ògiri ẹ̀gbẹ́, eegun tín-ín-rín mẹ́ta ká roboto lórí ara wọn bí pẹpẹ. Ẹran tútù bò wọ́n, ẹ̀jẹ̀ gbígbóná sì ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń yá ara rẹ̀ kó tó sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọ̀fun. Àwọn iyàrá òfìfo tún wà nínú eegun iwájú orí àti nínú eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹnikẹ́ni kì í gbé ibẹ̀, àfi kátà, bó bá fẹ́ mú kí orí máa fọ́ èèyàn.

"Ẹ wá wo òrùlé," ni Dókítà Mobọ́lá wí.

Ó fi bírò kan òkè pátápátá. Eegun pẹlẹbẹ kan ló wà níbẹ̀, kò tóbi ju èékánná lọ, ihò wẹ́wẹ́ sì kún un bí ìdí ajere.

"Bàbá, ọpọlọ yín jókòó lórí eegun yìí. Àwọn fọ́nrán kan wà, wọ́n tín-ín-rín ju òwú lọ, wọ́n ń ti ọ̀dọ̀ ọpọlọ gba inú ihò wọ̀nyí sọ̀kalẹ̀ sí àjà imú. Àwọn ló ń gbọ́ òórùn. Gbogbo ìyókù imú, ọ̀nà ni wọ́n jẹ́."

"Ọ̀nà?"

"Ọ̀nà tí òórùn ń gbà débẹ̀ ni. Nígbà tí orí yín kan sìmẹ́ǹtì, ọpọlọ yín mì síwá-sẹ́yìn, bí ẹyin tí èèyàn ń mì nínú èèpo rẹ̀. Àwọn fọ́nrán yẹn wà nínú ihò eegun, wọn ò lè bá a mì. Eegun gé wọn."

Aneesah di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú.

"Òrùlé náà sán díẹ̀ lápá òsì pẹ̀lú. Omi tó ń jò yẹn, kì í ṣe kátà, Bàbá. Omi tó yí ọpọlọ ká ni. Iyọ̀ àti omi tí ẹ ń fà sókè yẹn, Ọlọ́run ló yọ yín. Bí kòkòrò bá bá a gòkè, ọ̀rọ̀ á ti yàtọ̀."

Sàlíhù kò bèèrè nípa omi, kò sì bèèrè nípa ikú. Ó ní, "Fọ́nrán yẹn, ṣé ó ń hù padà?"

Dókítà Mobọ́lá gbé bírò sílẹ̀. "Ó ń hù fún àwọn kan, díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ ó ti pẹ́ jù báyìí, mo sì ti wo fọ́tò yín dáadáa. Mi ò fẹ́ purọ́ fún yín. Mi ò rò pé ó máa padà."

"Yìgì ọmọ mi ti súnmọ́lé," Sàlíhù wí, bí ẹni tó ń tọrọ ààyè lọ́wọ́ onílé.

"Ẹ má bínú, Bàbá."

Wọ́n dá a dúró lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbé orí rẹ̀ sókè, wọ́n ní kó má fọn imú, kó má ṣe tẹ̀ba. Àfáà wá kí i, ó ní kó máa fi iyẹ̀pẹ̀ ṣe táyámọ́mù dípò omi, pé Ọlọ́run kì í ni aláìsàn lára. Ihò òrùlé náà dí fúnra rẹ̀, omi ò jò mọ́. Gbogbo àdúgbò wá bá a yọ̀. Wọ́n ní ara ti yá.

Ohun tó bá ojú ló ń bá imú, ni àwọn àgbà wí, ṣùgbọ́n bí ojú bá fọ́, gbogbo ayé á rí i, wọ́n á fi ọ̀pá lé èèyàn lọ́wọ́. Ti Sàlíhù, ta ló máa rí i? Imú náà ṣì wà níbẹ̀ gbàgbà. Àwọn ọmọdé ṣì ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Oúnjẹ dà bí aṣọ rírẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó ń wẹ̀, ó ń tún wẹ̀, nítorí kò mọ̀ bóyá ara òun ń rùn. Tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù, ìgò dúdú ló ń wò ó láti ilẹ̀ dé àjà, bí ọ̀pọ̀ èrò tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ tí wọ́n sì ti fohùn ṣọ̀kan pé àwọn ò ní dá a lóhùn.

Èyí tó burú jù ni ti Ìdíátù. Ó di ojú bó ṣe máa ń ṣe, ó fa afẹ́fẹ́ símú. Ojú obìnrin náà yọ sí i. Ó gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ń pè é láti ẹ̀yìnkùlé. Òórùn rẹ̀ kò wá. Ó gbìyànjú ní àárọ̀, ó gbìyànjú lẹ́yìn ìrun alẹ́, ó tilẹ̀ gbìyànjú láti bá a jà, bí wọ́n ṣe máa ń jà nígbà ayé rẹ̀. Kò wá. Sàlíhù wá rí i pé ẹ̀ẹ̀kejì ni obìnrin yìí ń kú mọ́ òun lọ́wọ́.

Síbẹ̀ ẹ̀jẹ́ ti wà nílẹ̀. Ó pe Aneesah sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní kó wá ya òun ní imú. Ó ṣí ìgò kan.

"Èyí ńkọ́?"

"Ó dùn, Bàbá."

"Mi ò bi ọ́ bóyá ó dùn. Kí ni?"

"Ó dà bí òdòdó."

"Òdòdó wo?"

"Ẹ̀n… òdòdó funfun?"

"Aneesah, ṣé imú lo fi ń wo àwọ̀ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ṣí òmíràn. Ọmọ náà ní ọṣẹ ni. Ó ṣí òmíràn. Ó ní òun náà dà bí ọṣẹ, àmọ́ ọṣẹ tó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí wọ́n dé pẹpẹ kẹta, gbogbo rẹ̀ ti di ọ̀kan náà nímú rẹ̀, orí sì ń fọ́ ọ. Ẹ̀rín ti tán lẹ́nu àwọn méjèèjì.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká pe Bàbá Ṣítù. Wọ́n á mọ gbogbo ẹ̀."

"Ṣítù!" Sàlíhù dìde. "Kí n ṣí pẹpẹ bàbá mi fún Ṣítù? Kó wá fi ẹnu ẹ̀ sọ ohun tí mo ní fún mi? Kó kúkú máa kó wọn lọ!"

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Máa lọ sílé. Mi ò nílò imú ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ tó po ti ìyá ẹ nìyí, wọn ò tíì gé e."

Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Ó di ojú, ó ronú nípa Ìdíátù, Ìdíátù nìkan, ó sì jẹ́ kí ọwọ́ máa lọ síbi tó bá wù ú. Ọwọ́ náà gùn sókè, ó mú ìgò kan. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ba, ó wọ igun ìsàlẹ̀ pátápátá, ibi tí kò fọwọ́ kàn láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì mú òmíràn láìṣiyèméjì rárá, bí ẹni tó ń mú ọmọ rẹ̀ láàárín ọmọ ẹlòmíràn. Ọwọ́ yìí mọ̀! Ọwọ́ ò gbàgbé! Ó pò wọ́n, òróró náà ki dáadáa, ó ń ṣàn jẹ́ẹ́ bí oyin. Ó sunkún ayọ̀ lórí rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ṣítù sọdá títì bó ṣe máa ń ṣe. Sàlíhù gbé ìgò náà fún un kó tó béèrè.

Ṣítù ṣí i. Ó gbé e súnmọ́ imú. Sàlíhù ń wo ojú rẹ̀, ó ń retí. Kò yínmú. Ó tún un gbọ́, ó sì rọra dé ìgò náà.

"Ó dáa," Ṣítù wí.

"Kí lo wí?"

"Mo ní ó dáa. Ó dùn."

"Ṣítù, bú mi."

"Èébú kí ni?"

"Irú èyí tó o máa ń bú mi. Ìbọ̀sẹ̀ ọlọ́pàá ńkọ́? Omi tí wọ́n fi fọ òkété ńkọ́?"

"Sàlíhù, àgbà ti dé sí wa. Ó dùn, mo ní ó dùn." Ó dìde, kò sì wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ títí tó fi padà sódìkejì títì.

Sàlíhù jókòó ti ìgò náà. Gbogbo ọjọ́ yẹn ló fi ń sọ fún ara rẹ̀ pé àánú yìgì ló ṣe Ṣítù, pé ọ̀rọ̀ ọmọ ni kò jẹ́ kó bú òun. Nígbà tó yá, ó gbà á gbọ́. Ó gbé ìgò náà fún Aneesah kó tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ yìgì.

Ọjọ́ náà pé. Àwọn ará Sùúrùlérè kún pálọ̀ pẹ̀lú Abdulmuiz, Àfáà ka ohun tó yẹ, gbogbo rẹ̀ sì lọ létòlétò. Wọ́n ní kí bàbá ìyàwó wá ṣe ti ìdílé. Aneesah kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ rẹ̀ jáde láti inú ìbòrí, ó sì gbé ìgò náà fún un. Sàlíhù da díẹ̀ sórí ìka.

Òróró náà yára ṣàn. Ó fò kọjá ìka rẹ̀, ó kán sórí ẹní bí omi.

Ọwọ́ Sàlíhù dúró sójú òfuurufú. Tirẹ̀ kì í ṣàn báyìí. Ó wo Aneesah, ojú ọmọ náà wà nílẹ̀, etí rẹ̀ ti pọ́n. Ó wo Ṣítù láàárín àwọn àgbà. Ṣítù ń yí tẹ̀sùbáà kíkankíkan, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ń ṣàdúrà lọ́wọ́. Gbogbo pálọ̀ ń dúró dè é.

Ó fi òórùn Ṣítù pa ọrùn ọwọ́ ọmọ rẹ̀.

"Ọlọ́run á jẹ́ kó bá ọ kalẹ́," ó ní. Wọ́n ṣe àmín. Ìyá àgbà kan láti ẹ̀yìn Abdulmuiz na ọrùn, ó fa afẹ́fẹ́ símú, ó ní, "Háà, Alájì! Imú yín yìí mà ṣiṣẹ́ o!" Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n ti mú ìyàwó lọ, tí àwọn tó ń gbálẹ̀ ti ń to àga, Sàlíhù lọ bá Ṣítù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kò kí i.

"Ta ló pàrọ̀ ẹ̀?"

"Aneesah ló gbé e wá bá mi," Ṣítù wí. "Ó ti gbọ́ ọ. Ó ní òun ò mọ ohun tó jẹ́, pé ẹ̀rù ló ń ba òun. Ó sunkún, Sàlíhù. Ó ní tí mo bá sọ fún ẹ, òun ò ní dárí jì mí."

"Kí ni mo pò?"

"Kò ṣe dandan kó o mọ̀ ọ́n."

"Ṣítù. Kí ni mo pò?"

Ṣítù wo ilẹ̀. "Kanfọ ni. Kanfọ àti òdòdó. Èyí tí a fi ń wẹ òkú."

Sàlíhù wá ibì kan jókòó. Ní ọjọ́ tí Ìdíátù kú, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan ohun tí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́. Òun ló wọ ṣọ́ọ̀bù, òun ló tẹ̀ba sí igun ìsàlẹ̀, òun ló pò ó fún àwọn obìnrin tó wẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ kò ṣìnà. Ohun tó po fún ìyàwó rẹ̀ gbẹ̀yìn náà ló lọ pò, ó sì fẹ́ fi pa ọmọ rẹ̀ lára lọ́jọ́ yìgì.

Ṣítù wọ inú, ó mú ìgò náà jáde. "Mi ò mọ ibi tí màá dà á sí. Ṣé kí n dà á sí gọ́tà?"

Sàlíhù gbà á. Ó ṣí i, ó gbé e sábẹ́ imú ńlá yẹn, ó fà á títí àyà rẹ̀ fi kún. Ó tún fà á.

"Sọ bó ṣe rí fún mi," ó ní.

Ṣítù ya ẹnu. Kò sí òórùn kan ní ayé yìí tí kò ní orúkọ burúkú tó lè fún un. "Ó dà bí…" ó ní, ó sì dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀. "Ó tutù," ló wí níkẹyìn. "Ó kàn tutù ni, Sàlíhù."

Sàlíhù dé ìgò náà dáadáa, ó nù ún pẹ̀lú etí agbádá rẹ̀, ó sì dá a padà fún un.

"Má dà á nù," ó ní. "Ẹ máa rí i lò lọ́jọ́ tèmi."